Ẹni Tó Ni Ìlà Kẹrin

Inú mi tètè máa ń ru. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ṣáájú ohunkóhun, kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ fi ara mi ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi ní láti kékeré ni mo ti máa ń dáhùn kí wọ́n tó bi mí ní ìbéèrè tán. Nínú kúlóòsì wa ní Festac, lẹ́yìn Fífù Áfẹ́núù, kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn mi. Tí ẹnì kan bá gbé mọ́tò dí ẹnu géètì wa, tí ariwo sì sọ, aládùúgbò kankan kì í yọjú wò ó pé ta ni. Wọ́n ti mọ̀.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò sì yẹ oníbìínú rárá. Èmi ni mo ń tọ́jú dátábéèsì fún ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Àmúwo. Láàbù ni gbogbo wa ń pè é. Dátábéèsì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ wa sí, ní tábìlì-tábìlì: ẹnì kan, ìlà kan, orúkọ rẹ̀ nínú òpó kan, ọjọ́ ìbí rẹ̀ nínú òpó kejì, èsì àyẹ̀wò rẹ̀ nínú òpó míì. Èmi ni mo kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀, ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ inú rẹ̀. Mo máa ń fi yangàn. Tí wọ́n bá ní kọ̀ǹpútà ṣe báyìí, kọ̀ǹpútà ṣe báyẹn, màá ní kọ̀ǹpútà ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ mọ bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀ṣì lóde òní: kí ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó tó fọwọ́ sí i, wọn á ní kí ọkùnrin àti obìnrin lọ mú ìwé jẹnotáìpù wá. AA lè fẹ́ ẹnikẹ́ni. AS kò gbọdọ̀ fẹ́ AS, ká má tíì wá sọ SS tàbí SC, torí pé ọmọ tí wọ́n bá bí lè kó àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Pásítọ̀ ò ní bá yín jiyàn. Wọn á kàn dá ìwé yín padà, wọn á ní kí ẹ lọ gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ẹlòmíì hàn yín.

Àbúrò mi ọkùnrin, AS ni. A ti mọ̀ látìgbà tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Raji Rasaki Ẹ̀sìtéètì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ló ti ń pè mí ní "ọkọ mi," bí ìyàwó ilé ṣe máa ń pe àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. Nígbà míì á ní, "Ọkọ mi onísòkòtò," torí pé n kì í wọ síkẹ́ẹ̀tì. Tó bá wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé, kì í jókòó sí pálọ̀ bí àlejò. Kíṣìnnì ló ń gbà lọ tààrà, á sì máa bá mi wí pé ìdí ìkòkò mi dúdú bí ẹni pé mo fi ń yan èédú. Àwọn tó lè bá mi wí tí inú ò ní bí mi ò pọ̀ láyé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe jẹ́ kó mọ̀ lọ.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ béèrè ìwé, ẹ̀rín ló rín.

"Ọkọ mi, ìwé tèmi ti wà lọ́dọ̀ yín ó ti lé lọ́dún méjì. Kí n tó lọ sìnrú ìlú ni mo ti wá fún yín lẹ́jẹ̀. Láàbù yín tiẹ̀ pè mí lẹ́yìn ìgbà náà pé kí n wá, àmọ́ mo ti wà ní káàǹpù, mi ò ráyè wá gbà á. Ẹ ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde."

"Ṣé èyí lo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?" mo ní. "Kó tó di ọ̀sán Mọ́ńdè, ìwé ẹ ti wà lọ́wọ́ ẹ."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà, mo tẹ orúkọ rẹ̀. Ìlà rẹ̀ jáde. Mo wo òpó jẹnotáìpù, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni SC.

Yéè! Ara mi bù máṣọ. Mo pa ojú dé, mo là á, SC ni. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, SC ni. Mo wo ọjọ́ ìbí, mo wo nọ́ńbà fóònù, mo wo àdírẹ́sì Raji Rasaki tó wà níbẹ̀, mo ń wá bó ṣe máa jẹ́ ẹlòmíì tó kàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Òun ni. Mo ń gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé "Jésù, Jésù, Jésù" nínú ọ́fíìsì, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé èmi ni mo ń sọ ọ́.

Ó yẹ kí n pe òun fúnra rẹ̀. Òun ló ni ẹ̀jẹ̀. Àbúrò mi ni mo pè. Nígbà tó gé fóònù mọ́ mi létí, mo pe ìyá mi. Ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ló gbọ́ kẹ́yìn, ẹnu àbúrò mi ló sì ti gbọ́ ọ.

Ó wá sílé wa ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ yẹn, pálọ̀ ló jókòó sí. Ìyá mi ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Àbúrò mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì.

"Ọkọ mi, mi ò ṣàìsàn rí," ó ní. "Ibà lásán ni, ìyẹn gan-an kì í pẹ́ lára mi."

"Ọ̀pọ̀ àwọn SC ni kì í mọ̀ títí wọ́n á fi dàgbà." Òótọ́ ni mo sọ o. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn dókítà tó ń wá sí láàbù.

"Ṣé ká lọ tún un yẹ̀ wò níbòmíì?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo ti ń retí. A mọ àwọn tó ń ṣe é ládùúgbò wa: tí ìwé àkọ́kọ́ ò bá dáa, wọn á lọ wá ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀yìnkùlé tẹ ìwé tó dáa fún ènìyàn, pásítọ̀ á so wọ́n pọ̀, ọmọ á wá máa jẹ ìyà tó kù. Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ń ké "egungun mi, egungun mi" lórí bẹ́ǹṣì láàbù wa. Inú mi ru, mo sì dáhùn kó tó pa ẹnu dé.

"Dátábéèsì tí mo fọwọ́ mi kọ́ kì í parọ́. Gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti ń ta AA. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lo fẹ́ lọ, má mú àbúrò mi dání."

Mo wo àbúrò mi, mo rò pé á ní kí n dákẹ́. Kápẹ́ẹ̀tì ló ṣì ń wò. Ọmọbìnrin náà bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e sórí sítúùlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò móòtì tí kò tíì mu, ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì torí pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ó ti rìn díẹ̀ kó tó yí padà.

"Ó dàbọ̀, ọkọ mi."

Mo ti géètì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé wa tutù. Àbúrò mi ò bá mi jà, ì bá dáa kó bá mi jà. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ń ti ilẹ̀kùn. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí mi," á sì fi sílẹ̀ títí tá á fi tutù. Mo ń sọ fún ara mi pé mo ti gba ọmọ tí wọn ò tíì bí sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà. Mo tiẹ̀ jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, n ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ó ku díẹ̀ kí oṣù kan pé nígbà tí bàbá kan wọlé sí láàbù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Bíríkìlà ni, ọmọ Ìkirè tó ti pẹ́ ní Kúje. Ó ti gba ìwé lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, torí pé ilé ìwòsàn kan fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó na ìwé náà sókè níwájú gbogbo àwọn tó jókòó.

"Ta ló kọ èyí sí mi lára? Dókítà rí i, ó ní òun ò lè fi ọ̀bẹ kàn mí mọ́. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àárọ̀ dalẹ́ ni mo fi ń gbé búlọ́ọ̀kù. Èmi wá ni SC?"

Mo jáde sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ orin mi. "Bàbá, ọ̀pọ̀ àwọn SC ni kì í mọ̀..."

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ìwọ ọmọ yìí! Ọjọ́ tí mo wá síbí, ó ti lé lọ́dún méjì, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbà lára mi ti dì, pé kí n padà wá kí ẹ gba òmíràn. Ṣé mo padà wá? Mi ò padà wá. Iṣẹ́ gbé mi lọ sí Bàdágìrì. Ẹ̀jẹ̀ wo lẹ wá yẹ̀ wò?"

Mo kọ háà. Mi ò rí èsì fún bàbá náà, nígbà tí mi ò sì rí èsì, ìbínú ló gba ibẹ̀. Mo yíjú sí obìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Láàbù. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì. Òun náà ló ń pe àwọn oníbàárà lórí fóònù. Mi ò gbọ́ ọ kó pariwo rí.

"Àǹtí, ẹ wá ṣàlàyé! Ẹ kọ SC fún ẹni tí ẹ ò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò! Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyí? Ẹ fẹ́ pa bàbá yìí ni?"

Gbogbo ibẹ̀ ń wò wá. Àǹtí Láàbù bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì.

"Mi ò kọ SC fún ẹni tí mi ò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí," ó ní. "Tún ni mo kọ sí bàbá yìí."

Ó wọlé, ó gbé ìwé ńlá kan jáde. Ó máa ń fi báírò kọ gbogbo èsì sínú ìwé náà kó tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi. Ó ṣí i síbi ọjọ́ tí bàbá wá. Orúkọ bàbá rèé, Tún rèé níwájú rẹ̀, nínú báírò búlúù. Ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mo fi í sínú dátábéèsì láti ìbẹ̀rẹ̀, fún ẹ̀jẹ̀ tó bá bàjẹ́ tàbí tí kò hàn dáadáa: kí ẹni náà padà wá, ká tún un gbà.

"Ẹ máa bọ̀ níbí," mo ní. "Kọ̀ǹpútà á sọ ẹni tó ń parọ́ nínú àwa méjèèjì."

Mo jókòó, ó dúró lẹ́yìn mi. Mo ṣí ìlà bàbá. Mo ti ṣe é kí ìlà kọ̀ọ̀kan máa sọ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Mo wò ó. Ọjọ́ tí bàbá wá náà ni. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì kan ìlà yẹn. Ìlà tí ẹnikẹ́ni ò kàn fún ohun tó lé lọ́dún méjì, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Tún nígbà náà, tó wá jẹ́ SC lónìí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ló rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le, ẹ máa tẹ̀ lé mi. Dátábéèsì kì í gbà kí ènìyàn kọ ohun tó wù ú síbi tó wù ú. Òpó kọ̀ọ̀kan ló ní irú ohun tó lè gbà. Òpó ọjọ́ ìbí, ọjọ́ nìkan ló ń gbà. Tí ẹ bá kọ "ọmọ ogún ọdún" síbẹ̀, á kọ̀ ọ́. Òpó jẹnotáìpù, irú kan tí èmi fúnra mi ṣẹ̀dá ló ń gbà, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ mélòó kan péré, kò sì sí ọ̀rọ̀ míì tó lè wọ ibẹ̀. Ibo wá ni dátábéèsì ń kọ gbogbo èyí sí kó má baà gbàgbé? Inú tábìlì ni. Ó ní àwọn tábìlì tirẹ̀ tó fi ń ṣe àkọsílẹ̀ nípa ara rẹ̀: èyí tó to gbogbo òpó àti irú tí òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́, èyí tó to àwọn irú náà fúnra wọn àti ẹni tó ni wọ́n, èyí tó to àwọn ọ̀rọ̀ tí irú bíi tèmi gbà. Wọn ò yàtọ̀ sí tábìlì tí orúkọ bàbá wà. Ẹ lè bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á dáhùn.

Mo mọ gbogbo ìyẹn, mo ti fi yege ìdánwò. Ohun tí mi ò fi sọ́kàn ni pé kò sí lẹ́tà kankan nínú ìlà bàbá. Kò sí S níbẹ̀, kò sí C. Nọ́ńbà kan ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà náà sì ń tọ́ka sí ìlà kan nínú àtòkọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Télọ̀ tó ń rán aṣọ fún wa ní Agbójú máa ń so nọ́ńbà mọ́ aṣọ, á kọ orúkọ oníǹkan sínú ìwé. Tí ẹnì kan bá pa orúkọ rẹ́ nínú ìwé, tó sì kọ òmíràn, aṣọ ò kúrò lórí ìkọ́, àmọ́ ó ti di ti ẹlòmíì.

Mo bi àtòkọ náà léèrè. Ó tò wọ́n fún mi ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé: ìkíní AA, ìkejì AS, ìkẹta SS, ìkẹrin SC, ìkarùn-ún AC.

Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Àǹtí Láàbù ló na ìka láti ẹ̀yìn mi.

"Kí ló gbé SC ṣáájú AC? AC la kọ́kọ́ ní kó o fi kún un."

Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ̀yìn ló ń tò sí. SC dé lẹ́yìn AC, ìdí àtòkọ ló yẹ kó wà. Kí ló ń ṣe ní ipò kẹrin? Ta ló wà ní ipò kẹrin tẹ́lẹ̀?

Mo ti ń mọ̀, mi ò fẹ́ mọ̀. Mo sì sọ fún Àǹtí, pẹ̀lú ẹnu mi yìí, pé, "Ẹnì kan ti fọwọ́ kan irú yìí. Ẹ dúró, màá rí i." Ẹni tó ni irú nìkan ló lè yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lè kọ èsì sínú ìlà, wọn ò lè dé ibẹ̀ yẹn. Mo bi tábìlì àwọn irú léèrè pé ta ló ni ín.

Orúkọ mi ló jáde.

Mo gbé! Mo gbé ò! Gbogbo rẹ̀ padà sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sán Fraidé kan ni, oṣù mẹ́jọ ṣáájú. Ọ̀gá wa wọlé, wọ́n ní kí n yọ Tún kúrò, pé kò dáa kí oníbàárà máa rí i lórí ìwé, ká kàn máa fi òpó sílẹ̀ lófìfo tí ẹ̀jẹ̀ bá bàjẹ́. Wọ́n ní kí n sì fi SC kún un, torí pé ẹ̀rọ tuntun ti ń rí i dáadáa. Mo gbìyànjú láti yọ Tún. Dátábéèsì kọ̀. Irú dátábéèsì tí à ń lò kì í jẹ́ kí ènìyàn yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú àtòkọ bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn ìlà kan lè ṣì máa tọ́ka sí i. Àmọ́ ó gbà kí ènìyàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo wá ń yọ ara mi lẹ́nu sí? Kí Tún máa jẹ́ SC, iṣẹ́ méjì ti parí nìyẹn.

Mo yọrí síta, mo bi Àǹtí Láàbù pé, "Àǹtí, ṣé ó ṣì ku ẹnikẹ́ni nínú àwọn Tún?" Ó ní, "A ti pè wọ́n tán." Wọ́n ti pè wọ́n. Kò sọ pé wọ́n ti wá. Ìbéèrè kan péré ni ǹ bá tún bi dátábéèsì, ì bá sọ fún mi, àmọ́ ìgbáradì orin wa máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, mo sì fẹ́ tètè kúrò. Mo kọ ìlà àṣẹ kan. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan. Mo gbé báàgì mi.

Mo wá béèrè èyí tó kù: àwọn wo ló ń tọ́ka sí ìlà kẹrin, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí Fraidé yẹn tó dé? Ènìyàn mẹ́sàn-án. Bàbá bíríkìlà ló ṣáájú. Mo ń kà á lọ, mo sì ti mọ̀ kí n tó dé ibẹ̀. "Láàbù yín tiẹ̀ pè mí pé kí n wá." Ó rò pé ìwé ni kí òun wá gbà. Orúkọ rẹ̀ ni ìkẹfà.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilẹ̀. Àǹtí Láàbù ló gbá mi mú, obìnrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ní apànìyàn níwájú oníbàárà.

"Ta ni? Ta lo rí níbẹ̀?"

"Ìyàwó wa ni," mo ní. "Àǹtí, ìyàwó wa ni. Èmi ni mo lé e lọ."

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Dìde. Ẹkún ń bọ̀ lẹ́yìn. Gbé fóònù." Ó jókòó tì mí títí mo fi pe gbogbo wọn, kò jẹ́ kí n fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí ẹyọ kan. Ó ní kí n fi ẹnu ara mi sọ pé èmi ni. Ọ̀gá gbọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi bí wọn ò ṣe sọ ọ́ sí mi rí. Mo dá Tún padà sí ìlà kẹrin, mo fi SC sí ìdí àtòkọ níbi tó yẹ kó ti wà látọjọ́ yìí, mo sì kó àwọn tó jẹ́ SC lóòótọ́ lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti inú ìwé báírò Àǹtí Láàbù. Bàbá bíríkìlà fún wa lẹ́jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. AA ni. Ó ní, "Mo ti sọ fún yín," ó sì lọ síbi iṣẹ́ abẹ rẹ̀.

Ìyàwó wa nìkan ni kò gbé fóònù mi. Mo délé, mo sọ fún àbúrò mi. Ó wò mí, ó wò mí, mo rò pé á gbá mi létí. Bàtà rẹ̀ ló wọ̀. Ó lọ sí Raji Rasaki, bàbá ọmọbìnrin náà ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n fún un lómi, wọ́n sì ní kò sí nílé. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú kíṣìnnì.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọbìnrin náà wá sí láàbù fúnra rẹ̀, ní kùtùkùtù kó tó lọ síléèwé, pẹ̀lú épúrọ̀ọ̀nù tíṣà lọ́rùn. Kò wò mí. Ó na apá fún Àǹtí Láàbù. A jókòó, a ń dúró de ẹ̀rọ, àwa mẹ́ta nínú yàrá kékeré. Àbúrò mi ti tẹ̀ lé mi wá, ó dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ tó gbé wa.

AA ni. Àǹtí Láàbù sọ ọ́, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo tẹ ìwé náà jáde, mo gbé e fún un lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n, èmi ọkọ rẹ̀.

"Ẹ dìde, àwọn ènìyàn ń wò wá," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò le. "Mo ti gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mi ò bínú sí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Ká ní ìwé tiyín ló jáde bẹ́ẹ̀, tàbí ti àbúrò yín, ṣé ẹ ò ní tún un yẹ̀ wò?"

Ó béèrè rẹ̀ tán pátápátá, ó sì dúró. Mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ká ní èmi ni, kí ọjọ́ tó kanrí, mo ti fún láàbù mẹ́ta lẹ́jẹ̀ láti ibí dé Máìlì Tuu, ẹni tó bá sì ní ibi tí wọ́n ti ń ta AA ni mò ń lọ, màá ya á láṣọ. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé kí n ṣe é fún un.

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sínú báàgì. Àbúrò mi sún kúrò lára kẹ̀kẹ́ nígbà tó rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà yíjú sí mi, ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí a ṣe máa ń kí àgbàlagbà tí a ò mọ̀ rí.

"Ẹ ṣé, mà," ó ní.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ àbúrò mi kọjá, ó rìn lọ sí ọ̀nà iléèwé rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí kó yí padà bó ṣe yí padà lọ́jọ́ Sátidé yẹn lẹ́nu géètì wa. Kò yí padà.